A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìpè sí Ẹ̀yin Ará Kétu

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín ti pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wa àti àṣẹ ìlú ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju pé kí a máa béèrè nǹkan méjì nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ fún wa pé obìnrin kan ti dé ipò: ta ló fà á kalẹ̀, ta ni yóò sì máa jábọ̀ fún?

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ohun tó wà nílẹ̀ lónìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ṣe òfin ìdìbò tuntun ní Benin. Òfin náà sọ ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin di 109, ó sì ya 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn méjì ló wà ní Plateau tiwa yìí, nítorí náà obìnrin tí agbègbè wa yóò máa rán lọ sí Porto-Novo kò gbọdọ̀ dín sí méjì. Nínú ilé aṣòfin tí wọ́n yàn ní oṣù kẹrin ọdún 2019, kí òfin yìí tó dé, àwọn obìnrin kò tó mẹ́wàá láàrin èèyàn 83. Nígbà tí a tún dìbò ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n lé ní 24, torí pé àwọn kan tún wọlé lórí ìjókòó tí kò sí ìyàsọ́tọ̀ lórí rẹ̀. Ní 2021, Mariam Chabi Talata ti di igbákejì ààrẹ, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Inú mi dùn sí gbogbo èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mo ń bu òfin náà kù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Òfin ló ya ìjókòó sọ́tọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń mú ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Orúkọ ti máa ń wà nínú ìwé kí ó tó dé etí wa. Nígbà tí yóò bá fi dé Kétu, ó ti parí, ó ku kí àwa lọ tẹ̀ka. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ obìnrin tó mọ ojú ọ̀nà oko wa nígbà òjò, tó mọ iye tí èèyàn ń ná kí àpò gàrí kan tó dé ọjà, ọpẹ́ ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi í síbẹ̀ ni yóò máa wojú rẹ̀ fún gbogbo sáà náà, a ò sì ní rí ibi tí a ó ti bi í léèrè. Kétu ti rí irú rẹ̀ rí.

Àwọn àgbà tó wà láàrin wa mọ orúkọ Alaba Ida. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní 1886 ni ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Abomey. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dahomey, àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé, wọ́n tún ilé kọ́ sórí àwókù, Onyegen sì gorí ìtẹ́ Alákétu. Ọdún ń gorí ọdún, ọba ń darúgbó. Àwọn Faransé sì ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn gba owó orí, tí yóò máa bá wọn wá ọkùnrin fún iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ní 1911, wọ́n gbé àṣẹ ìlú lé Alaba Ida lọ́wọ́, ìyàwó ọba, wọ́n sì fi Yá Ṣègén, obìnrin tó jẹ́ àgbà nínú ìsìn ìbílẹ̀, tì í lẹ́yìn. Obìnrin méjì ni òyìnbó ń bá sọ̀rọ̀ bí ó bá ń bá Kétu sọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ obìnrin ló sún àwọn Faransé dé ibẹ̀. Ní 1911 yẹn, obìnrin Faransé gan-an kò lè dìbò ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó di 1944 kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀tọ́ náà, ó di 1945 kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ìwé ìbò sínú àpótí. Ohun tí wọ́n ń wá ní Kétu ni ọwọ́ tí yóò bá wọn kó ohun tí wọ́n fẹ́ kó. Wọ́n rí i láàfin, wọ́n mú un.

Ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Yàtọ̀ sí owó orí, Faransé tún ń fẹ́ ọmọkùnrin tí yóò lọ jagun. Ẹnu àwọn obìnrin méjèèjì ni àṣẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ìlú. Àwọn ìdílé di ẹrù wọn, wọ́n kọjá ààlà lọ sí Ìmẹ̀kọ àti àwọn abúlé mìíràn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ní ẹbí, nítorí ilẹ̀ Kétu kan náà ni kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó fi àdéhùn 1889 pín in. Púpọ̀ nínú wọn kò padà mọ́. Gbogbo ìbínú ìlú wá dá lé Alaba Ida lórí. Ní 1917, agbára rẹ̀ wó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Onyegen wàjà.

N kò gbèjà ohun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ogun tí kò mọ ìdí rẹ̀, ta ni yóò sọ pé kí ó má bínú? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí àwọn ọkùnrin kan mú nínú ìtàn náà ni pé obìnrin kò ṣeé fi ṣe olórí, mo sì kọ èyí pátápátá. Jákèjádò Dahomey, àwọn olóyè ọkùnrin gba owó orí fún Faransé, wọ́n wá sójà fún wọn, àwọn aráàlú sì sá fún wọn. Kò sí ẹni tó torí ìyẹn sọ pé ọkùnrin kò ṣeé fi ṣe olórí. Ibi tí ọ̀rọ̀ Alaba Ida ti wọ́ ni pé àwọn obìnrin Kétu kò jókòó yàn án. Àwọn Faransé fá orí lẹ́yìn olórí. Nítorí pé kì í ṣe àwọn obìnrin náà ló rán an, wọn kò ní ibi tí wọ́n ti lè pè é padà, kò sì ní àwọn èèyàn tí yóò dúró tì í ní ọjọ́ tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí òyìnbó lẹ́nu.

Ìbò fúnra rẹ̀ wá dé lẹ́yìn ogun kejì, ọ̀nà tó sì gbà dé ọwọ́ àwọn ìyá wa yẹ kí gbogbo ọmọ Kétu mọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1945, Paris ṣe àṣẹ kan tó fún àwọn obìnrin Faransé tó ń gbé Senegal ní ìbò, ó sì fi àwọn obìnrin adúláwọ̀ Saint-Louis àti Dakar sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ onílẹ̀ tí òfin Faransé mọ̀ ni wọ́n. Àwọn obìnrin náà fárígá. Wọ́n pariwo títí Paris fi yí àṣẹ náà padà ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Àwọn tiwa kò rí i bọ̀rọ̀. Òfin 1946 sọ gbogbo wa di ọmọ onílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìdìbò kò dé ọwọ́ gbogbo wa. Ó di ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1951 kí òfin tó ka àwọn ìyá mọ́ ọn. Ohun tí òfin náà sọ ni pé obìnrin tó bá ti bí ọmọ méjì lè dìbò, bóyá àwọn ọmọ náà wà láàyè tàbí wọ́n kú nítorí Faransé.

Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ méjì. Obìnrin tó bí ẹyọ kan, òfin yìí kò mọ̀ ọ́n. Àgàn tó ń tọ́ ọmọ ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń ṣe àtijẹ gbogbo agbo ilé, òfin yìí kò mọ̀ ọ́n. Ìyá tí àbíkú bá fínra, tó gbé mẹ́ta sin tó ṣẹ́ku ọ̀kan, kò ní ohun tí yóò fi hàn, àfi tí ọmọ bá kú sójú ogun Faransé. Ìyá tó sin ọmọ tí ibà pa kò jẹ́ nǹkankan lójú ìwé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nítorí Faransé lè mú orúkọ òkú wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ṣe wọ ìwé àkọsílẹ̀ ìbò nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ilé ọmọ wọn ìwọ̀n ọgbọ́n orí. Ní 23 oṣù kẹfà ọdún 1956 ni òfin mìíràn tó wó gbogbo ìyẹn lulẹ̀: ẹni tó bá ti pé ọdún 21, ọkùnrin tàbí obìnrin, abiyamọ tàbí àgàn, ó lè dìbò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1957, Dahomey dìbò lábẹ́ òfin tuntun yìí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọbìnrin tó pé 21 ní ọdún yẹn ti sún mọ́ 90 báyìí. Àwọn kan ṣì wà láàyè nínú agbo ilé wa, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, à ń kọjá lára wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya gbogbo nǹkan, ẹ lọ gbé e síwájú wọn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló mú wọn lọ síbi ìdìbò, ta ló sọ fún wọn ẹni tí wọn yóò dìbò fún, ṣé ọkọ ni àbí olórí ilé, kí ni wọ́n wọ̀ lọ, ṣé ẹnikẹ́ni dá wọn padà. Ẹ gbà á sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, ṣé Kétu náà ni èèyàn fẹ́ kọ́ bí a ti í bọ̀wọ̀ fún obìnrin, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru, ìbà àwọn ìyá ló kọ́kọ́ ń jú kó tó sọ ohunkóhun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkùnrin a wé gèlè, a ró ìró lé ìró, a so ọmú àti ìdí mọ́ra, a kó ṣaworo sí ẹsẹ̀, a sì máa jó títí láti fi tu àwọn ìyá lójú. Obìnrin ni Ìyálaṣẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ojúbọ wà. Gbogbo ayé gbọ́, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ọ̀kan nínú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò gbọdọ̀ parun ni. Èmi fúnra mi kì í fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣeré. Síbẹ̀, iyì lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ lọ́tọ̀. Ẹni tí a júbà fún lóru lè lọ síbi ìpàdé ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n pín oko baba rẹ̀ lójú rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Bí a bá ń sọ pé ìyá ni wúrà, ẹ jẹ́ kí orúkọ wúrà náà wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òyìnbó ló kọ́ obìnrin wa láti máa béèrè, ẹ wo Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí wa. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tiwọn, ọmọbìnrin sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án kí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni gbogbo ayé mọ̀ nínú ìjà yìí. Ọ̀mọ̀wé ni: òun wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, ó sì kàwé ní England. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin alákọ̀wé ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ní 1944, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ẹ̀dùn wọn lẹ́nu ara wọn: àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń dá owó orí lé wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ líle gbà á. Ní 1946, ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta, alákọ̀wé àti aláìkàwé.

Ohun tí Fúnmiláyọ̀ ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó, ó ró ìró, ó wé gèlè bíi ti àwọn tó rán an. Ó ń fi Yorùbá bá àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, kí ìyá aláta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kí òyìnbó wá ògbufọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ọdún 1947 ń parí lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó yí ààfin Aké ká, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Aláké padà wálé lẹ́yìn náà, ìyẹn kò dùn mí rárá. Ohun tó ṣe pàtàkì lójú tèmi ni pé nígbà tí obìnrin jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn, gbogbo ọjà mọ ẹni tó rán an.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1949 kan náà, àwọn obìnrin Côte d'Ivoire fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Grand-Bassam láti lọ béèrè àwọn ọkùnrin tí Faransé tì mọ́lé. Ní Lomé, láti 1933 ni àwọn obìnrin ọjà ti dìde sí owó orí tuntun. Kò sí òyìnbó tó rán ìkankan nínú wọn.

Nílẹ̀ tiwa níbí, orúkọ wà tó yẹ kí ọmọ ilé ìwé mọ̀ bí ó ti mọ Béhanzin. Elisabeth Pognon ló kọ́kọ́ jẹ olórí ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin orílẹ̀-èdè, ní 1993. Rosine Soglo dá ẹgbẹ́ òṣèlú Renaissance du Bénin sílẹ̀ ní 1992, ó sì bá ọkùnrin jà nínú ilé aṣòfin láìfi ohùn pamọ́. Marie-Élise Gbèdo, lọ́yà, jáde du ipò ààrẹ ní 2001. Wọ́n dìbò fún un díẹ̀, ó tún jáde. Àwọn lọ́yà obìnrin tó wà nínú AFJB ti ń jà fún òfin ìdílé láti ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilé aṣòfin wá ṣe òfin náà ní 2002, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọkùnrin láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà, tí obìnrin mìíràn, Conceptia Ouinsou, ń darí nígbà náà, dá a padà ní oṣù kejìlá. Wọ́n ní bí òfin bá fún ọkùnrin ní àyè tí kò fún obìnrin, kò sí ìdọ́gba níbẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni òfin náà tó múlẹ̀.

Àwọn ọkùnrin wa bínú sí i gan-an, mo sì mọ̀ pé ìdílé olórogún ṣì pọ̀ ní Kétu, n kò wá tú ilé ẹnikẹ́ni ká. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ọ̀rọ̀ ìyàwó méjì ju gbogbo òfin náà nù. Ó ní ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ relé ọkọ kó tó pé 18. Ó ní ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba nínú ogún baba wọn. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi ipá ṣú opó lópó. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé níbí kò mọ̀: ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní mérì nìkan ni òfin mọ̀. Ìdána dára, àdúrà ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì dára. Níwájú adájọ́, wọn kò tó.

Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Baálé ilé kú. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé, àwọn ẹbí ti gba oko lọ pẹ̀lú àdá àti okùn ìwọnlẹ̀. Wọ́n ń gé ìgbẹ́, wọ́n ń ri èèkàn mọ́ àárín ebè ẹ̀gẹ́ tí ìyàwó kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀gẹ́ tó kù oṣù díẹ̀ kó wu ú kó fi yan gàrí. Wọ́n bi í pé ìwé wo ló ní. Ó mú báàgì jáde, ó tú u: káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ, ìwé àjọ, fọ́tò ọjọ́ ìdána. Ìwé mérì kò sí níbẹ̀. Kò sí ìwé ilẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà lórí ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ADC, okùn yẹn kò ní dé àárín ebè rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 2013 kò sọ pé ọkùnrin nìkan ló lè gba ìwé yìí. Obìnrin lè gbà á.

Ta ni yóò wá gbẹnu sọ fún irú obìnrin yìí nínú ìgbìmọ̀? Ìjókòó 24 tí mo dárúkọ, ti ilé aṣòfin ni. Kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ ìlú ní mérì Kétu, kì í ṣe ti olórí abúlé. Bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sọ ibi tí kànga yóò wà, iye tí ìsọ̀ ọjà yóò jẹ́, ọ̀nà tí wọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe, ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ilẹ̀. Nígbà ìpolongo ìbò, àwọn obìnrin wa ló ń jí ní aago mẹ́rin òru láti se ìrẹsì, àwọn ló ń fi oòrùn ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń kọrin títí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá yóò fi dé. Bí àwọn ọ̀gá bá ti jókòó, àwọn obìnrin a padà sídìí ìkòkò. Mo ti rí i léraléra, ọkàn mi kì í sì í fara dà á.

Nítorí náà mo ń ké sí ẹ̀yin obìnrin Kétu: ẹ má dúró de orúkọ tí ẹgbẹ́ òṣèlú yóò mú wá. Ẹ ti ní ìpàdé tẹ́lẹ̀. Ẹ ní àjọ tí ẹ ń dá, ẹ ní ẹgbẹ́ àwọn onígàrí, ẹ ní ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àsàlátù. Ẹ mọ obìnrin tó lè pa owó yín mọ́ láìjí sẹ́fà kan, ẹ mọ èyí tó lè sọ òtítọ́ fún olórí abúlé lójú. Ẹ fi ọjọ́ àjọ kan sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ dárúkọ ẹni náà fúnra yín, kí ẹ sì sọ fún un kí ó tó gbà pé ní gbogbo oṣù mẹ́ta, yóò wá jókòó níwájú yín, yóò sọ ohun tó ṣe. Bí kò bá gba èyí, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ tún yẹ orúkọ yín wò. Ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ANIP ni ìwé àwọn olùdìbò ti ń wá báyìí, nínú àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ abúlé rẹ̀ ní àṣìṣe, ọjọ́ ìdìbò ni yóò mọ̀, kò sì ní sí àtúnṣe mọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí sóko, tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ni èyí ń mú jù. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nínú ilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí rẹ̀.

Ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ọkọ, mo mọ̀ pé ẹ ti ka ibi púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ẹ ni mo ń bá wí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan, ẹ mú ìyàwó yín lọ sí mérì nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè, kí àwọn àbúrò yín má baà fi okùn wọn oko rẹ̀. Ẹ pe ọmọbìnrin yín síbi ìpàdé ilẹ̀ ìdílé, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Kí ẹ sì yọ̀ǹda ọjọ́ tí ìyàwó yín bá ní ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bójú tó ìkòkò lọ́jọ́ náà.

Bí orúkọ bá ti jáde láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, ẹni tí kò mọ ìwé kí ó tẹ̀ka. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó iye ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà ní Kétu, kí ẹ gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó orúkọ jọ. Ẹ má rán ọkùnrin kankan. Kí obìnrin márùn-ún lọ pọ̀, kí wọ́n ní kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tí ẹ óò mú bọ̀ wálé, kí ó sì kọ ọjọ́ náà sí i.